Ìwé Nọ́ńbà Bàbá Kékeré

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ àbúrò bàbá mi pè mí lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí a kíra tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n gba àjọ wọn lánàá, wọ́n sì ní lọ́tò ni àwọn yóò fi ta.”

Mo béèrè iye tí ó jẹ́. Náírà 180,000 ni. Mo mọ ìtàn owó náà. Ọdún kan gbáko ni Bàbá Kékeré fi dá a, kí wọ́n lè fi pààrọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tí ó ti ń já òwú láti ọjọ́ pípẹ́. Télọ̀ ni wọ́n, ní Muṣin. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òun náà ni wọ́n sì fi san díẹ̀ nínú owó ilé-ìwé tèmi nígbà tí ọwọ́ bàbá mi kò tó o. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹni tí mo lè ṣàdédé gbójú sókè sí ni mo ń lọ bá.

Ọ̀rọ̀ owó inú ilé ni a máa ń sọ lórí ojú ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ lọ́tò sílẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí àwọn ènìyàn bá mọ̀ pé ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ: ṣé òótọ́ ni pé bí ènìyàn bá fi ara balẹ̀ ka èsì àtẹ̀yìnwá, ó lè mọ nọ́ńbà tí ń bọ̀? Ilé Bàbá Kékeré ni mo ti dáhùn ìbéèrè náà, n óò sì sọ bí ó ti rí fún yín.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n jókòó sí ìdí ẹ̀rọ náà, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn wọn, ìwé àkọsílẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lórí àǹkárá oníbàárà. Ìwé mẹ́rìnlá irú rẹ̀ ni ó wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń kọ èsì sínú wọn, ọ̀sẹ̀ kan kò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ kọ 38 gàdàgbà sí ojú tábìlì. Ìyá Kékeré ń já ewédú lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo ojú mi nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù 90 ni a ń dà sínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni a ó yọ. Ítálì ni irú eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Gánà ń ta á, àwa náà ń ta á, àwọn ará Èkó a sì máa ta ti Gánà mọ́ tiwa. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn jù ni two sure: ẹ mú nọ́ńbà méjì, bí méjèèjì bá wà nínú márùn-ún tí ó jáde, ìlọ́po 240 owó yín ni wọn yóò san.

Èrò Bàbá Kékeré ni pé 38 kò tíì jáde láti ọ̀sẹ̀ 51 sẹ́yìn. “Ọmọ tí ó ti sùn tó báyìí,” ni wọ́n wí, “ó gbọ́dọ̀ jí.” Wọ́n ní 83 ni yóò bá a jáde, nítorí pé ẹ̀rí méjì ni ó so wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni turning: ẹ yí 38 padà, ó di 83. Èkejì ni counterpart: nínú ìwé àwọn ọ̀ta, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tí ó fi 45 jù ú lọ, 1 pẹ̀lú 46, 2 pẹ̀lú 47, títí dé 45 pẹ̀lú 90. Ẹ fi 45 kún 38, 83 náà ni. Bàbá Kékeré wo ojú mi bí ẹni tí ó ti ṣí àṣírí ńlá payá.

Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ìṣirò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ju èyí lọ: nọ́ńbà oní-méjì èyíkéyìí tí apá kejì rẹ̀ bá fi 5 ju apá àkọ́kọ́ lọ, bí ẹ bá yí i padà, 45 ni yóò fi lé. 16 àti 61 rí bẹ́ẹ̀, 27 àti 72 rí bẹ́ẹ̀, kódà 05 àti 50. Bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni ó fà á. Bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a kọ sí òun lára.

Ètò ìnáwó náà ni ó kó mi láyà sókè. Náírà 500 ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jẹ, wọn yóò sọ ọ́ di 1,000 ní ọ̀sẹ̀ kejì, 2,000 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ tí 38 bá jí, kí ó san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán. Mo gba ṣọ́ọ̀kì náà, mo sì ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ 38. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, náírà 64,000 ni wọn yóò ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àpapọ̀ ohun tí ó ti jáde lápò wọn yóò sì jẹ́ 127,500. Owó tí ó kù nínú àjọ kò ní tó ti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, tí yóò béèrè 128,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni gbogbo ètò náà ní. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ànfààní pé méjì náà yóò jáde pọ̀ kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ,” ni wọ́n wí, “ọ̀rọ̀ ìwé ni tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ojú ni tèmi. Mo ti fi ojú mi rí i láti ọdún 2009.”

Gbólóhùn yẹn ni ó ń gbé mi lọ́kàn nígbà tí mo ń padà sílé, nítorí pé òótọ́ ni. Wọ́n ti fi ojú wọn rí i. Àwọn tí ń ka èsì kì í ṣe òmùgọ̀; ohun tí wọ́n ń rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ńbà tí ó jáde lọ́sẹ̀ yìí a máa tún jáde lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e: bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nínú mẹ́rin ni ó kéré tán ọ̀kan nínú márùn-ún yóò padà wá. Nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, bí 22 àti 23, a máa jáde papọ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nínú márùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa rí yóò rò pé ẹnì kan ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ.

Ẹ tún wo bí ìwé náà ṣe fẹ̀ tó. Láti inú nọ́ńbà kan, ẹ lè mú òun fúnra rẹ̀, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó fi mẹ́wàá jù ú lọ, èyí tí ó fi mẹ́wàá dín sí i, turning rẹ̀ àti counterpart rẹ̀. Méje nìyẹn. Bí ẹ bá lo èsì ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá, nọ́ńbà mẹ́wàá, 70 ni ẹ ní lọ́wọ́. Òmíràn yóò ṣe pàdé ara wọn nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣòro kí ohun tí ẹ ní má tó ìdajì 90. Nígbà tí èsì bá jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ta ni kò ní rí èyí tí yóò so pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá? Ẹ̀yìn tí ó bá ti jáde tán ni ìwé náà máa ń gbọ́n.

Ní ti nọ́ńbà tí ó sùn, èyí ni ó ṣòro jù láti gbà, nítorí pé ìgbésí ayé wa kọ́ wa pé ohun tí ó pẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. Àlejò tí ó pẹ́ ń bọ̀. Òjò tí ó pẹ́ ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ayò wá. Bí ẹ bá ń ta ayò, ẹ ní láti rántí, nítorí pé ọmọ ayò tí a ti jẹ ti kúrò lójú ọpọ́n. Èyí tí ó kù ni a ó fi ta á parí, ẹni tí ó bá sì mọ iye tí ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni ọ̀ta. Ọpọ́n ayò ń rántí. Nínú lọ́tò, gbogbo bọ́ọ̀lù 90 ni a ń dà padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí èyí tí a jẹ, kò sí èyí tí ó kù. Ọpọ́n tuntun ni ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, 38 sì ní ànfààní kan nínú 18 láti wà nínú márùn-ún, ìbáà jẹ́ pé àná ni ó jáde, ìbáà jẹ́ pé ó ti di ọdún kan.

Nítorí ìdí èyí gan-an, kì í ṣe ohun ìyanu pé nọ́ńbà kan kò jáde fún ọ̀sẹ̀ 50. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: nínú 90, nǹkan bí márùn-ún ni ó yẹ kí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìgbàkigbà tí ẹ bá ṣí ìwé. Ọmọ tí ó sùn kò ní tán láéláé. Bí ọ̀kan bá jí, òmíràn ti ń tòògbé.

Àwọn ará Ítálì mọ èyí tẹkún-tẹkún. Wọ́n máa ń fa nọ́ńbà ní orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà náà, 53 sì dẹ́kun jíjáde ní ti ìlú Venice láti oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni owó tí wọ́n ń tà lé e ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi ju bílíọ̀nù 3 owó yúrò lọ. Àwọn kan jẹ gbèsè tí wọn kò lè san, ìdílé tú ká, àwọn kan sì pa ara wọn. Ìgbà 182 ni wọ́n fa nọ́ńbà kí 53 tó jáde, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2005. Ní ọjọ́ náà, ànfààní rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, ọ̀kan nínú 18. Mo sọ ìtàn yìí fún Bàbá Kékeré lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i pé ó padà jáde?”

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ. Mo bẹ ìyá tí ó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa, wọ́n sì fún mi ní ìdérí ìgò 90. Mo kọ 1 sí 90 sí wọn lára, mo dà wọ́n sínú garawa, mo sì ní kí àwọn ọmọ mi máa fà wọ́n, márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì máa dà wọ́n padà. Alẹ́ méjì ni a fi ṣe é, títí tí a fi ní èsì 52, ti ọdún kan gbáko. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ dáadáa, mo sì gbé wọn lọ sí Muṣin. Mo sọ fún Bàbá Kékeré pé lọ́tò kan ní ìlú òkèèrè ni, kí wọ́n bá mi wò ó. Irọ́ ni mo pa fún àgbà, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ ò rí bí inú wọn ti dùn tó! Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé àǹkárá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbé orí sókè. Wọ́n ti rí i pé 26 jáde ní ọ̀sẹ̀ kan, tí 62 sì tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra tí nọ́ńbà tí ó wà láàárín 70 àti 79 fi jáde. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà mẹ́rin ni kò jáde rárá ní gbogbo ọdún, 17 sì wà nínú wọn. Ìyẹn ni ó jọ wọ́n lójú jù.

“Ẹni tí ó ni lọ́tò yìí gbọ́n púpọ̀,” ni wọ́n wí. “Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi 17 pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i. Bí mo bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta á, 17 ni n óò fi ṣe banker.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá Kékeré, ẹ dárí jì mí. Ìdérí ìgò ni. Àwọn ọmọ mi ni wọ́n fà á nínú garawa.”

Ìyá Kékeré bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dùn mí pé wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí pé Bàbá Kékeré kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀sẹ̀ tí 62 tẹ̀ lé 26, wọ́n sì béèrè pé, “Ta ni ó fa èyí?” Mo ní ọmọ mi obìnrin kékeré ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ṣe hùn-ún, wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ. Òwú já. Wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí mo fi dìde.

N óò yà díẹ̀ kí n tó sọ bí ó ti parí, nítorí àwọn tí wọ́n ti ń kọ ìbéèrè sínú ọkàn. Ẹ ó ní, bí a kò bá lè mọ nọ́ńbà, ṣé a kò lè ra púpọ̀? Èyí ni àwọn ọ̀ta ń pè ní perm: ẹ mú nọ́ńbà márùn-ún, ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà mẹ́wàá ni yóò jẹ́, ẹ ó sì san owó ọ̀nà mẹ́wàá. Ànfààní yín pọ̀ sí i bí owó yín ṣe pọ̀ sí i, kò sí ohun tí ẹ jèrè. Ẹ jẹ́ kí á tilẹ̀ dé òpin rẹ̀. Láti inú 90, ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà so nọ́ńbà méjì pọ̀. Ká ní ẹ ra gbogbo rẹ̀ ní náírà kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí èsì ṣe lè rí tí ẹ kò ní jẹ, kódà ẹ ó jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nítorí pé ọ̀nà mẹ́wàá ni ó wà nínú nọ́ńbà márùn-ún. Ìlọ́po 240 lọ́nà mẹ́wàá, náírà 2,400. Ẹ mọ gbogbo nọ́ńbà tán, ẹ jẹ gbogbo ohun tí ó ṣeé jẹ, ẹ sì pàdánù náírà 1,605.

Àwọn tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù nínú yín ní ọ̀rọ̀ tiwọn, nítorí pé níbẹ̀, àwọn tí wọ́n bá jẹ ẹ̀bùn ńlá ni wọ́n ń pín in. Ní oṣù Kìíní ọdún 1995, ènìyàn 133 ni wọ́n mú nọ́ńbà mẹ́fà kan náà, mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn sì di nǹkan bí 122,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, yíyan nọ́ńbà tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ràn ní ìwúlò díẹ̀; kò ní mú yín jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ, ẹ kò ní bá èrò púpọ̀ pín in. Nínú two sure tiwa, iye tí a ó san ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbọ́n yẹn pàápàá kò sí.

Àwọn tí ń ta two sure lórí WhatsApp sì ń kọ́? Ẹ rò ó báyìí: bí mo bá fi méjì-méjì tí kò jọra ránṣẹ́ sí ènìyàn 400, nǹkan bí ẹnì kan yóò jẹ. Ẹni náà ni yóò jẹ́rìí mi káàkiri, tí yóò fi ìwé ìjẹ rẹ̀ han gbogbo ayé. Àwọn 399 tí ó kù yóò dákẹ́, nítorí pé ta ni ń fi àdánù ṣe àfihàn?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá Kékeré fi bínú sí mi. N kò pè wọ́n. Mo rán ọmọ wọn pé kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n, ó sì ní wọ́n kàn ń mi orí ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, kì í ṣe tuntun, wọ́n ti lò ó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ran aṣọ nípọn láìjá òwú. Wọ́n rà á ní náírà 165,000. Èyí tí ó kù, Ìyá Kékeré ni wọ́n gbé e fún.

Wọn kò jáwọ́ nínú lọ́tò. N kò sì retí rẹ̀. Náírà 200 ni wọ́n ń ta ní ọjọ́ Sátidé báyìí, ìwé karùn-dín-lógún sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wọn sọ fún mi pé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn tí mo lọ, 38 jáde. 83 kò bá a wá. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ètò àkọ́kọ́, wọn ì bá ti ta náírà 7,500 dànù ní ọjọ́ náà, wọn ì bá sì máa wí pé ó kù díẹ̀.

Ní Sátidé tí ó kọjá, fóònù mi dún. Bàbá Kékeré ni. Wọ́n béèrè àlàáfíà ọkọ mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó kan ti wọlé, mẹ́tàlélógún ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Garawa yẹn,” ni wọ́n wí, “ṣé ẹ ṣì ń fà á?”

Mo ní a kò fà á mọ́.

“Ẹ ní kí ọmọ yẹn bá mi fà á lẹ́ẹ̀kan sí i,” ni wọ́n wí. “Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá 17 ti jáde.”